Owó Tí Wọ́n Yọ Kó Tó Dọ́wọ́: Ìtàn Owó Ìfẹ̀yìntì àti Àwa Ọlọ́jà

  Ìtàn ẹgbẹ́ la máa ń kọ sínú ìwé yìí tẹ́lẹ̀. Ti ọdún yìí, ìtàn owó ìfẹ̀yìntì la fẹ́ kọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí gbogbo wa máa dìbò lé lórí ní ìpàdé. Kí a tó dìbò, ó yẹ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀.

Ayé àtijọ́

Kí ìjọba òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń fi owó pamọ́. Alùfáà Samuel Johnson sọ̀rọ̀ èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, òyìnbó kan tó ń jẹ́ William Bascom sì kọ odindi àròkọ lé èésú nìkan lórí ní 1952. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: a dá iye kan náà, ẹnì kan kó o, ó yí kárí. Àjọ ojoojúmọ́ ní tirẹ̀, alájọ ló ń fi káàdì gbà á. Ṣùgbọ́n àtèésú àtàjọ, owó ọjà ni, owó aṣọ ọdún ni, owó ilé ìwé ọmọ ni. Tí a bá ti kó o, ó parí. Ti ọjọ́ ogbó, ọmọ ni àwọn ìyá wa gbójú lé. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Ìjọba òyìnbó ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì ní 1951, wọ́n sì ní kí a kà á láti 1946. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba ni, inú àpò ìjọba ló sì ti ń jáde. Òṣìṣẹ́ kò dá kọ́bọ̀ sí i.

Ìgbà tí yíyọ owó bẹ̀rẹ̀

Lẹ́yìn òmìnira, ní 1961, ìjọba dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni. National Provident Fund ni wọ́n ń pè é. Ìdá 6 nínú 100 owó oṣù ni wọ́n ń gbà, òṣìṣẹ́ san ìdajì, ọ̀gá rẹ̀ san ìdajì. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, àpapọ̀ rẹ̀ kì í ju náírà 8 lọ lóṣù: náírà 4 lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́, náírà 4 lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí ibí yìí. Owó náà kì í dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ rárá. Akọ̀wé owó ti yọ ọ́ kó tó san owó oṣù. Kò sí pé ara ọmọ ò yá, kò sí pé wọ́n ń ṣe òkú nílé àna. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé ṣé ó wù ú láti fi pamọ́ lóṣù yìí. Ohun tí ojú ò rí, ọwọ́ ò lè ná an.

Àmọ́ ó ní àléébù. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń san gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, kì í ṣe oṣooṣù. Nígbà tí SAP sì dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, owó tí èèyàn ti ń kó jọ láti ọdún pípẹ́ kò tó nǹkan mọ́. Ní 1993, ìjọba fi NSITF rọ́pò rẹ̀, kí owó oṣooṣù lè máa wà fún ẹni tó bá dàgbà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní tiwọn ṣì ń retí àpò ìjọba. Nígbà tí àpò gbẹ, gbèsè owó ìfẹ̀yìntì gun orí ara wọn. Ta ni kò rí àwọn bàbá àti ìyá àgbàlagbà tó ń tò sórí ìlà láàárọ̀ ṣúlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, tí wọ́n ń dúró de àyẹ̀wò? Olùkọ́ tó kọ́ àwa náà ní ABD wà lára wọn.

Òfin 2004 àti 2014

Ní oṣù kẹfà ọdún 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí òfin tuntun. Láti ìgbà náà, olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní àkáǹtì tí wọ́n fi orúkọ òun gan-an ṣí. Ìdá 7.5 ni wọ́n ń yọ lára owó oṣù rẹ̀, ọ̀gá náà fi ìdá 7.5 kún un. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù keje 2014 sọ ọ́ di ìdá 8 fún òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 fún ọ̀gá. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 péré ni ọ̀gá ní láti san án wọlé lẹ́yìn tó bá san owó oṣù.

Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó dùn mọ́ wa nínú àwa tí a ń kọ̀wé ẹgbẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń fi owó náà ṣòwò kọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló mú un dání. Ẹni tó mọ ìwé kò di kọ́kọ́rọ́ mú.

Àwa ńkọ́?

Ẹ ti rí i pé orí owó oṣù ni gbogbo òfin wọ̀nyí dúró lé. Ta ló ń san owó oṣù fún ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́? Àwa fúnra wa ni ọ̀gá, àwa náà ni òṣìṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa fi ìdá 10 kún tiwa, kò sì sí akọ̀wé owó tó máa yọ ọ́ ká tó rí i.

Òfin 2014 ṣílẹ̀kùn fún àwọn bíi tiwa, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ètò Micro Pension sílẹ̀ fún oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà náà, ìdá 40 nínú owó tí èèyàn bá san wà fún bùkátà, ìdá 60 gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ogbó. Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n àwa ọlọ́jà tó wọ inú rẹ̀ kò pọ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ẹsẹ̀ ara wa la máa fi gbé e lọ sanwó. Ọjọ́ tí ọjà bá dá, ẹsẹ̀ ò ní lọ.

Ohun tí a ṣe

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ó ti tó ọdún méjìlá sẹ́yìn tí ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ owó ọjọ́ ogbó. A ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ọ̀sẹ̀ oníkálukú, a sì fẹnu kò pé a ò ní fọwọ́ kàn án títí ẹni náà á fi kó ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún kejì, oṣù kẹsàn-án dé, owó ilé ìwé le, ọjà sì dá. Wọ́n ní ká pín in. Ìyá wa kan tó ń ta ata nìkan ló dìde. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má pín in. Owó ilé ìwé á tún dé lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tèmi ò ní padà di ti ọmọdé." A rẹ́rìn-ín, a ní màmá, ẹ ṣì le koko. A pín in.

Kò pé ọdún mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn kọ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ rí ṣe ni kí a gbé abọ́ káàkiri ìpàdé, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ojú ń ti àwa tí a gbé abọ́, ojú sì ń ti màmá tí a gbé e fún. Lẹ́yìn tí wọ́n papò dà, a ṣí ìwé, a ṣírò rẹ̀. Owó tí ì bá jẹ́ tiwọn ká ní a kò pín in ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí abọ́ kó fún wọn lọ. Ìfọwọ́sí àwa tí a ń kọ èyí wà lójú ewé tí a fi pín in.

A mọ ohun tí àwọn kan máa wí. Wọ́n á ní owó tó jókòó kì í bímọ, ọjà ni kí a fi rà. Wọn ò purọ́. Ọ̀wọ́n gógó tó jẹ owó National Provident Fund lè jẹ tiwa náà. Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí owó náà má sùn sínú àpótí. Kí ẹgbẹ́ máa yọ ọ́ nínú owó ọ̀sẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kí a máa san án lọ sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi orúkọ ara rẹ̀ ṣí lábẹ́ òfin, níbi tí ìpàdé ò ti ní lè pín in mọ́, bó ti wù kí ọjà dá tó. Kí akọ̀wé mọ ìwé, kí akápò mọ owó, kí oníkálukú sì máa rí ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ gbà.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. A ti rí i lójú ara wa. Ẹ wá dìbò o. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ ọdún láyé, a ò ní ráhùn owó, a ò ní ráhùn ọmọ. Àmín.

Akọ̀wé, lórúkọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́.