Ìdí Tí Aago Houston Fi Ń Falẹ̀ Nílé

Ọ̀pọ̀ wa ní Deer Park ló ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé, nítorí náà ìtàn yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Iná mànàmáná a máa lọ, a máa bọ̀ nínú wáyà. Ní Niagara, ẹ̀rọ tí omi ń yí ní ìgbà 250 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n yàn. Ìyẹn ló sọ ìlọ-bọ̀ iná náà di 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dára fún ẹ̀rọ ńlá, ṣùgbọ́n gílóòbù ń ṣẹ́jú. Nígbà tó yá, Amẹ́ríkà dúró lórí 60, Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì lórí 50. Nàìjíríà tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì: nígbà tí Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Odò Ọya ní 1968, 50 náà ni.

Nítorí èyí, aago tó ń fi ìlọ-bọ̀ iná ka àkókò, bí a bá gbé e láti ibí dé Ìbàdàn, yóò fi ìṣẹ́jú 10 falẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tiransifọ́mà lè sọ 240 di 120, kò lè sọ 50 di 60. Kí a tó sanwó ọkọ̀ ojú omi, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ bóyá wọ́n kọ 50/60 síbẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.