Ọkọ̀ Ni Wọ́n Pè Lẹ́jọ́

Ìtàn Ajayi Crowther kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ní kíláàsì Yorùbá: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoogùn ní 1821, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ apá kan wà nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní 1837 tí a máa ń fò kọjá. Lẹ́yìn tó dé Sierra Leone, wọ́n ní kí òun àti àwọn mìíràn wá sí Freetown, kí wọ́n wá jẹ́rìí lòdì sí Potogí tó ni wọ́n. Ó gbọ́ fìrìfìrì pé wọ́n fẹ́ fa àwọn lé olówó àwọn lọ́wọ́ padà. Ẹ̀rù bà á, kò fẹ́ lọ rárá.

Nígbà tí a kọ́kọ́ kà á, a rẹ́rìn-ín, a ní ojo ọmọdé ni. Ìgbà tí a wo òfin ilé-ẹjọ́ náà ni ẹ̀rín tán lẹ́nu wa.

Ní ilé-ẹjọ́ òkun, a lè pe ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ bí ẹni pé èèyàn ni. Olówó rẹ̀ ìbáà wà ní Lisbon tàbí Bahia, ọkọ̀ ni wọ́n máa mú, òun ni wọ́n máa dá lẹ́bi, òun ni wọ́n máa tà ní gbàǹjo. (Òfin yìí kò tíì kú, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ṣì lè ní kí wọ́n mú ọkọ̀ ní Àpápá nítorí gbèsè.) Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, òfin náà fọwọ́ sí owó fún àwọn tó bá mú ọkọ̀ akẹ́rú: ó lè tó £40 lórí ọkùnrin kan, £30 lórí obìnrin, £10 lórí ọmọdé. Bí a bá tú orúkọ owó náà sí Yorùbá, owó orí ni. Ẹ má bi wá bóyá ti ìyàwó ni tàbí ti ìjọba.

Ọkọ̀ ilẹ̀ mìíràn ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n mú ọkọ̀ Faransé kan, Le Louis, ní 1816. Ilé-ẹjọ́ Freetown dá a lẹ́bi. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Sir William Scott sì yí i padà ní 1817: kò sí ìlú tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tú ọkọ̀ ìlú mìíràn wò lójú òkun nígbà tí kò sí ogun, bó ti wù kí òwò rẹ̀ burú tó. Àfi àdéhùn. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì bá Potogí ṣe lọ́dún kan náà kò kan ọkọ̀ tó bá ń kó ẹrú ní gúúsù ìlà agbedeméjì ayé.

Èkó wà ní àríwá ìlà náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè mú Esperança Felix, ọkọ̀ tó gbé Àjàyí, ní April 7, 1822. Ká ní Luanda ló ti kó ẹrù rẹ̀, wọn ì bá kàn máa wò ó kọjá ni.

Ẹ wo Maria da Glória. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú un nítòsí Rio de Janeiro ní ìparí 1833, ẹrú inú rẹ̀ lé ní 400. Ilé-ẹjọ́ Rio ní ẹjọ́ Potogí kò kan òun, wọ́n bá tún wà á kọjá òkun wá sí Freetown. Àwọn adájọ́ wò ó ní 1834: ọkọ̀ Potogí, gúúsù ìlà. Wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín, àtọkọ̀ àtèrò inú rẹ̀.

Crowther ṣì ń gbé Sierra Leone lọ́dún náà.