Ilé Àtijọ́ àti Ilé-Ìkàwé Ìwádìí: Ọ̀rọ̀ tí ó kan Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Níbo ni ó yẹ kí ọmọ Ìkálẹ̀ ti máa ka ìtàn Ìkálẹ̀? Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Òkìtìpupa ni olú-ìlú ẹkùn tí wọ́n kó Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ sí. Ọ̀rọ̀ owó-orí, ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni àwọn ajẹ́lẹ̀ ń kọ sílẹ̀. Nígbà tí Kenneth Dike fi ìdí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba múlẹ̀ ní 1954, Ìbàdàn ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ìhà ìwọ̀-oòrùn gbà lọ. Bí kì í bá ṣe ti Dike, ikán ì bá ti jẹ púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí baba-ńlá rẹ̀ wí níwájú ajẹ́lẹ̀ ní Òkìtìpupa ní láti wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Ohun tí mo ń dábàá ni pé kí a tún ilé àtijọ́ kan ṣe nílẹ̀ Ìkálẹ̀, kí a sì sọ ọ́ di ilé-ìkàwé ìwádìí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe àṣà tuntun. Ní Kàdúná, ilé tí Ahmadu Bello, Olórí Ìjọba Ìhà Àríwá, ń gbé, tí àwọn ológun sì pa á sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966, ni ó di ibi ìwádìí ìtàn ní 1970. Arewa House ni wọ́n ń pè é. Abdullahi Smith ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní Harlem ní New York, ilé-ìkàwé kan wà tí a kọ́ ní 1905. Ibẹ̀ ni a kó àwọn ìwé Arturo Schomburg lọ ní 1926, lẹ́yìn tí wọ́n fi 10,000 dọ́là rà wọ́n. Ní 1980, ìwé kó lọ sí ilé tuntun nítòsí, ṣùgbọ́n wọn kò wó ti àtijọ́. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì so méjèèjì pọ̀. Bákan náà ni ti Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2014, Black Cultural Archives, tí a dá sílẹ̀ ní 1981, wọ Raleigh Hall, ilé ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí ó ti ń di àlàpà. Apá tuntun ni wọ́n kọ́ mọ́ ọn.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ tuntun mọ́ àtijọ́? Ìwé wúwo. Ilẹ̀ òkè ilé gbígbé, ní mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró, ni a máa ń ṣe kí ó lè gba nǹkan bí kìlógíráàmù 200. Ti yàrá pẹpẹ ìwé ju 700 lọ. Ẹni tí ó bá to pẹpẹ ìwé sórí pákó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ń wá wàhálà. Nítorí náà, kí ilé àtijọ́ gba àwọn òǹkàwé, kí ilé kékeré tí ó lágbára lẹ́yìn rẹ̀ gba ìwé.

Òjò pọ̀ nílẹ̀ wa, ìwé a sì máa bu bí afẹ́fẹ́ bá tutù jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sìmẹ́ńtì ni ẹ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o! Ògiri alámọ̀ ń mí. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi tí ó bá fà láti ilẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, ògiri yóò sì máa jẹrà láti inú. Amọ̀ pupa tí ó bí orúkọ Òkìtìpupa ni kí a fi tún un rẹ́, kí òrùlé sì yọ síta dáadáa.

Ẹ̀dà àwọn ìwé Ìbàdàn ni kí a kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ onímọ̀ èdè yóò fẹ́ kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìró “gh” tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti sọ nù ṣì wà lẹ́nu ará Ìkálẹ̀.

Ti ẹbí tí ó ni ilé ni ó le jù. Ìjọba kéde Ilojo Bar ní Èkó ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án 2016, pẹ̀lú òfin nílẹ̀. Kí ayàwòrán ilé tó fa ìlà kan, kí a ti bá mọ̀lẹ́bí jókòó, kí a kọ àdéhùn: ta ni yóò máa tún òrùlé ṣe, ta ni yóò di kọ́kọ́rọ́ mú, àti ọ̀nà wo ni ọmọ ilé yóò gbà dé ibi sàréè baba wọn nígbà tí yàrá náà bá ti di yàrá ìkàwé.