Bí Àṣẹ Oorun Kọ̀ǹpútà Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ BIOS

Ní 1992, Intel àti Microsoft gbé ìlànà APM jáde kí bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká má baà tètè kú. BIOS, ètò kékeré tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ti fi sínú rẹ̀, ló ni ọ̀pọ̀ àṣẹ. Òun ló ń ka iye ìṣẹ́jú tí ọwọ́ kò ti kan kíbọ́ọ̀dù. Bí ó bá pé, ó pa ojú kọ̀ǹpútà, ó dá dísíìkì dúró. Ṣùgbọ́n BIOS kò mọ iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó rọra ń ka ìwé gígùn, tí kò tẹ nǹkan kan, ìyẹn kò yàtọ̀ lójú rẹ̀ sí ẹni tó ti dìde lọ. Ètò ìṣiṣẹ́, irú bíi Windows àti Linux, ló mọ ìyàtọ̀, òun ló sì yẹ kó pàṣẹ.

Ní oṣù Kejìlá 1996, Intel, Microsoft àti Toshiba gbé ìlànà ACPI jáde, àṣẹ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tọ́ sí. Ipò ohun èlò di mẹ́rin: D0 ni ti èyí tó ń ṣiṣẹ́, D3 ni ti èyí tó sùn wọra, D1 àti D2 wà láàárín. Bí oorun bá ṣe jinlẹ̀ tó ni iná tó ń jẹ ṣe ń dín kù, tí jíjí rẹ̀ náà sì ń pẹ́. Bí oorun náà kò bá ní tọ́jọ́, iná tí yóò fi jí lè ju èyí tó fi pamọ́ lọ.

Ibi tó le jù ni ètò ẹni tí yóò kọ́kọ́ sùn. Máòsì tó wà lára USB gbọ́dọ̀ sùn ṣáájú ojúhò tó so mọ́, nítorí pé bí ojúhò bá ṣáájú, kò sí ọ̀nà tí a ó gbà bá máòsì sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá di àtijí, ojúhò ni yóò kọ́kọ́ jí.

Ní òpin 2009, Linux 2.6.32 gba iṣẹ́ Rafael Wysocki, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ Linux, wọlé: ohun èlò kan lè dá sùn nígbà tí ìyókù ń ṣiṣẹ́. A ń ka iye àwọn tó ń lò ó. Bí iye náà bá di òdo, ó lè sùn. Àǹfààní ìlànà yìí ni pé kì í dúró de ìgbà tí gbogbo ẹ̀rọ bá simi.

Lórí fóònù, áàpù kan ṣoṣo lè di ẹ̀rọ mú kó má sùn, bátìrì á sì gbẹ. Doze, tó wọlé pẹ̀lú Android 6.0 ní 2015, ń dá irú wọn dúró bí fóònù bá wà lójú kan, tí ojú rẹ̀ kú, tí kò sì sí lórí iná. Ó ń ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún wọn láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n aago ìtanijí ń dún lásìkò rẹ̀.