Ara Ti Yá, Ẹ Má Tíì Sọ Oògùn Nù

Èmi náà ti sọ ọ́ rí pé fífi methadone tọ́jú ẹni tí heroin ti di bárakú fún, oògùn lórí oògùn lásán ni. Ìtàn ló yí èrò mi padà.

Ní New York, lọ́dún 1964, Dókítà Vincent Dole àti Dókítà Marie Nyswander bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní methadone lójoojúmọ́. Ní 1965, wọ́n kọ̀wé nípa èèyàn 22 tí wọ́n tọ́jú: àwọn kan ti padà sílé ìwé, àwọn mìíràn ti ríṣẹ́.

Ibo wá ni ewu wà? Ìgbà tí wọ́n bá dá a dúró ni. Ọ̀pọ̀ ló tún padà sídìí heroin. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, agbára ara láti gbà á ti dínkù. Ẹni tó bá lo ìwọ̀n àtijọ́, èémí rẹ̀ lè dúró pátápátá.

Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ yín bá wà lórí ìtọ́jú yìí, ẹ má máa bi í pé, "Ìgbà wo lo máa jáwọ́?" Ẹ bi í pé, "Ṣé o ti lo tòní?"

Ó dìgbà o.