Hakeem Ọlájuwọ́n: Ọmọ Èkó tí ó Di Àgbà Ọ̀jẹ̀ nínú Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

Hakeem Ọlájuwọ́n wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní àgbáyé. Ìlú Èkó ni a ti bí i ní ọjọ́ 21, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1963. Ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, òwò sìmẹ́ńtì ni wọ́n sì ń ṣe. A kọ ìtàn rẹ̀ síhìn-ín fún àwọn òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ Ìkógòsì, Àrámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò, pàápàá ẹni tí ó bá ń rò pé ọjọ́ ti lọ lórí ohun tí òun fẹ́ kọ́.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Aṣọ́lé ni nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti di ọ̀dọ́langba ní Muslim Teachers College, Èkó, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ kò ṣòfò: eré ìṣáájú wọ̀nyí ni ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di yíyá, tí ó fi ń tan àwọn alátakò jẹ lábẹ́ apẹ̀rẹ̀.

Ní 1980, ó lọ sí Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ wọn dé àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì ní 1983 àti 1984, wọ́n sì pàdánù lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ní 1984 kan náà, òun ni ẹgbẹ́ Houston Rockets kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tí ń wọ líìgì NBA. Ẹni kẹta ni Michael Jordan. Ní 1986, Boston Celtics borí wọn ní àṣekágbá líìgì. Ó di 1994, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ó wọlé, kí ó tó gba ife-ẹ̀yẹ. Wọ́n tún gbà á ní 1995. Ó gba wúrà Òlíḿpíìkì pẹ̀lú Amẹ́ríkà ní 1996.

Ó fẹ̀yìn tì ní 2002, lẹ́yìn sáà kan ní Toronto. Ìgbà 3,830 ni ó fi ọwọ́ dínà bọ́ọ̀lù tí alátakò jù sí apẹ̀rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tí ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àkọsílẹ̀ NBA. Ní 2008, a fi orúkọ rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn àwọn akọni eré náà.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ kí ẹ má ṣe gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ nítorí ìwé, kí ẹ má sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni Ọlájuwọ́n ti bá àwọn méjèèjì pàdé.