Omi oyin àti atalẹ̀ fún ikọ́ àti ọ̀fìnkìn: bí a ṣe ń sè é, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ lá a

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á gbé eruku wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ètè á máa là, imú á máa dí, ikọ́ kò sì ní jẹ́ kí àwọn ọmọdé sùn lóru. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń sáré lọ ra oògùn ikọ́ ní kẹ́míìsì. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra oògùn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń rà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) kìlọ̀ nípa àwọn oògùn olómi kan tí wọ́n rí ní Gambia, tí èròjà olóró wà nínú wọn. Ó lé ní 60 ọmọdé tí wọ́n so ikú wọn mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, ẹ máa wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Fún ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tí kò le, ohun tó wà nínú ilé ìdáná wa lè tó. Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé bí a ṣe ń sè é.

Iṣẹ́ tó ń ṣe, àti èyí tí kò lè ṣe

Gbogbo wa la mọ̀ pé Ọlọ́hun Ọba sọ nípa ìwòsàn tó wà nínú oyin, nínú Sūratu n-Naḥl, āyah 69. Àwọn oníṣègùn náà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 105 tó ń wúkọ́. Àwọn òbí tí wọ́n fún ọmọ wọn ní oyin kí wọ́n tó sùn sọ pé ikọ́ náà rọlẹ̀, ọmọ sì sùn dáadáa ju ti àwọn tí kò gba nǹkankan lọ. Oyin máa ń bo ọ̀nà ọ̀fun, kò sì ní jẹ́ kó máa rin ènìyàn bẹ́ẹ̀. Atalẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jínjà, máa ń mú ọ̀fun àti àyà móoru.

Síbẹ̀, ẹ má gbàgbé pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, oyin kì í sì í pa á. Bákan náà ni àwọn kápúsù tí a máa ń rà lẹ́yọ-lẹ́yọ láti pa kòkòrò kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ara fúnra rẹ̀ ló máa ń lé e lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10. Ìtura ni omi oyin ń mú wá títí ara á fi yá.

Àwọn èròjà

- Atalẹ̀ tútù tó tóbi tó àtàǹpàkò méjì
- Kànáfùrù 5
- Omi tó mọ́, ife 1
- Oyin gidi, ife 1
- Ọsàn wẹ́wẹ́ 1

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sin oyin, tàbí oníṣòwò tí ẹ mọ̀ dáadáa, ni kí ẹ ti ra oyin. Kí á ṣáná sí i, kí á kán an sínú omi tàbí kí á máa wò bóyá èèrà á jẹ ẹ́, kò sí èyí tó dájú nínú wọn.

Bí a ṣe ń sè é

1. Ẹ se ìgò àti ìdérí rẹ̀ nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ìgò onígíláàsì ló dára jù.
2. Ẹ fọ atalẹ̀, ẹ họ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ gún un.
3. Ẹ dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú kànáfùrù àti omi. Ẹ dé e, kí ẹ sè é lórí iná díẹ̀ títí omi náà á fi kù tó ìdajì ife.
4. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó tutù títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́.
5. Ẹ wá po oyin àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sè é sára rẹ̀.

Kó má bàa di ọtí

Oyin lásán kì í tètè bàjẹ́ torí pé omi inú rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n tí a bá ti bu omi lù ú, ó lè kan, kó sì di ọtí. Nínú hádíìsì tí Ibn Abbas gbà wá, tó wà nínú àkójọ Imam Muslim, èso àjàrà gbígbẹ tí wọ́n bá rẹ sómi fún Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kì í mu ún kọjá ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí jẹ́ fún wa. Nínú fìríìjì, ẹ má lò ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Níbi tí kò sí iná, ẹ sè é níwọ̀nba, kí ẹ lò ó tán láàárín ọjọ́ méjì. Tó bá ń hó, tí ìdérí rẹ̀ ń ta, tàbí tó ń rùn bí ọtí, ẹ dà á nù.

Ìwọ̀n tí a ó lò

Ṣíbí tí a fi ń po tíì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́:

- Ọmọ ọdún 1 sí 5: ìdajì ṣíbí
- Ọmọ ọdún 6 sí 11: ṣíbí 1
- Ọmọ ọdún 12 sókè: ṣíbí 2

Ẹ jẹ́ kí ọmọ lá a fúnra rẹ̀. Ẹ má rọ ọ́, torí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹni tó bá ń gba ààwẹ̀, àsìkò sàárì àti ìṣínu ni kó lò ó.

Ẹni tí kò gbọdọ̀ lá a

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fi oyin kan ẹnu rárá. Oyin, bó ti wù kó mọ́ tó, lè ní kòkòrò Clostridium botulinum nínú, bí a ṣe ń se nǹkan nílé kò sì lè pa á. Ìfun àgbàlagbà máa ń borí rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìfun ọmọ ọwọ́, ó lè máa pọ̀ sí i, kó sì máa tu oró tó ń sọ iṣan di aláìlágbára. Ìgbẹ́ ọmọ á há, ẹkún rẹ̀ kò ní lágbára mọ́, kò ní lè fa ọmú, ọrùn rẹ̀ á sì rọ jọwọrọ. Tí ẹ bá rí èyí, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa jù ni ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí wọ́n máa ń fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu. Dàbínù ló wà nínú hádíìsì táḥnīk, kì í ṣe oyin. Ẹni tó bá fẹ́ fi dàbínù ṣe é, kó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì bí yóò ṣe ṣe é tí kò fi ní kó àrùn ran ọmọ. Àwọn àgbà lè tọ́ oyin wò kí wọ́n sì ṣàdúà fún ọmọ. Àdúà náà á gbà, ní àṣẹ Ọlọ́hun. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún ìyá àgbà àti alfa ṣáájú ọjọ́ náà, kó má bàa di àríyànjiyàn lójú agbo.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ bi dókítà kí wọ́n tó lò ó. Ọlọ́gbẹ́ inú náà ní láti ṣọ́ra fún atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́.

Ìgbà tí ilé ìwòsàn yá ju oyin lọ

Ẹ ka mímí ọmọ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò sunkún. Tó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 50 fún ọmọ oṣù méjì sí oṣù 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, ó lè jẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó ń mí, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí gìrì bá mú un. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e lọ.

Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá TB ni. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó ń ṣe é ní Nàìjíríà.

Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí àwọn ọmọ wa, kó sì wo àwọn aláìsàn wa sàn. Āmīn.